"Ìwọ̀n" Nìkan Kò Tó: Àríwísí lórí Èdè Ìtọ́jú Onítànṣán

Nínú àríwísí kúkúrú yìí, mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò: "ìwọ̀n". Òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu bí a bá ń túmọ̀ "dose" láti èdè Faransé, nígbà tí a bá ń ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba àkókò.

Bẹ́ẹ̀, àkókò ṣe pàtàkì fún awọ ara. Ní àwọn ọdún 1920, Claude Regaud fi àgbò ṣe ìwádìí ní Paris. Bí wọ́n bá tan ìtànṣán sí ẹpọ̀n àgbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn kò lè mú kí ó má fún àgùntàn lóyún mọ́ láìba awọ ibẹ̀ jẹ́ gidigidi. Nígbà tí wọ́n pín in sí ìgbà púpọ̀, ó ṣeé ṣe, awọ sì fara dà á.

Bákan náà ni lónìí. Gray 50 tí a pín sí ìgbà 25, gray 2 lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, lè mú kí awọ pọ́n tàbí kí ó bó, ó sì sábà máa ń san. Gray 50 lẹ́ẹ̀kan náà yóò pa awọ ibẹ̀ kú. Láàárín ìgbà kan sí èkejì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ń tún ara wọn ṣe.

Bí ìtànṣán bá sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àtúnṣe á ti máa lọ lọ́wọ́. Èyí ni Faransé ń pè ní "débit de dose", "débit" tí wọ́n tún ń lò fún ṣíṣàn odò. Òjò wìnnìwìnnì àti òjò ńlá lè kún garawa kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń rin ilẹ̀, èkejì ń wọ́ ọ lọ. Bí a bá pe méjèèjì ní "ìwọ̀n", a ti pa wọ́n pọ̀.

"Ìpín" fún "fraction" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ni ìpín lè gbà á nígbà tó wù ú. Aláìsàn tó ń pa ọjọ́ jẹ ń fún jẹjẹrẹ láàyè láti tún pọ̀ sí i.

Mo dábàá "àpapọ̀ ìwọ̀n", "ìwọ̀n ìgbà kan" àti "ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan". Mo yẹra fún "ìyára ìtànṣán", nítorí ẹni tó gbọ́ ọ lè rò pé eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá ni. Ọmọ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún ìyá rẹ̀ nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìyá náà lè mọ ìdí tí a fi ní kó máa wá lójoojúmọ́.