Adẹ́mu Ọ̀mùtí

Nígbà tí a ka The Palm-Wine Drinkard (1952), ìwé Amos Tutuola ọmọ Abẹ́òkúta, gbogbo kíláàsì wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ń mu ẹmu 150 kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́! Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí adẹ́mu rẹ̀ já látorí ọ̀pẹ. Adẹ́mu ni bàbá àgbà mi ní Òkè-Àgbò níbí. Mo mọ bí ilé ṣe máa ń rí bí ó bá pẹ́ lóko.

Ẹ wo ohun tí ọ̀mùtí náà ṣe. Ó bá òkú nílẹ̀, ó kọ́kọ́ gun ọ̀pẹ mìíràn, ó dá ẹmu, ó mu ún tẹ́rùn, kí ó tó padà sídìí òkú. Tutuola kò bá a wí. Nítorí ẹmu náà ló ṣe rìn dé Ìlú Àwọn Òkú. Olùkọ́ wa ní ìwé náà ń kìlọ̀ ọtí mímu. N kò gbà. Ó tilẹ̀ pẹ́ nínú ìwé kí a tó gbọ́ orúkọ adẹ́mu, Baity.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tó sọ ọ́ di eré Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, pè é ní Àlàbá. Ẹnìkan kì í ṣàdédé jẹ́ Àlàbá: Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú ti wà níwájú. Ó ní ilé tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ibí yìí ni eré fi dára ju ìwé lọ lójú mi.

Mo sọ ìtàn náà fún bàbá àgbà. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣé igbà ló já ni, àbí ẹsẹ̀ ló yọ̀?”

Mo tún ìwé náà kà. Kò sí níbẹ̀.