Ta Ló Se Oúnjẹ Náà?

Ìwé tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni A Stroke of Unbelievable Luck, tí Isaac Fadoyebo kọ, tó jáde ní ọdún 1999. Ọmọ ìlú Emure-Ilé ni, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1942, tí ogun sì gbé e dé Burma.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan kọ lù wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn ba Isaac, kò lè rìn mọ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló ṣẹ́kù sínú igbó. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman ń gbé oúnjẹ wá fún wọn níkọ̀kọ̀. Nígbà tó yá, ó kó wọn lọ sílé ara rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni wọ́n tó rí ẹni gbà wọ́n sílẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí fún ìyá mi àgbà ní Mushin. Wọ́n ti ta oúnjẹ rí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ta ló se oúnjẹ náà?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo tún ìwé náà ṣí. Shuyiman ní ìyàwó. Àlejò méjì kò lè gbé inú ilé kí obìnrin ilé má mọ̀. Bí ìkòkò bá tóbi ju ti àná lọ, aládùúgbò lè fura. Bí àwọn ará Japan bá sì ká wọn mọ́lé, ọkọ nìkan kọ́ ni ìyà máa jẹ.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé yìí ni pé Isaac kò fọ́nnu. Ó sọ ìrora, ó sọ ìbẹ̀rù. Àkọlé rẹ̀ ni n kò fara mọ́. Oríire ló pè é, ṣùgbọ́n oríire kì í dáná. Ènìyàn ló dáná.

Síbẹ̀, Isaac kì í ṣe abaraámóorejẹ. Ní ọdún 2011, oníròyìn Barnaby Phillips bá a mú lẹ́tà ọpẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìdílé náà. Shuyiman ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ní ọdún 2012, Isaac náà kú.

Nínú ìwé tèmi, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Shuyiman pé: "àti ìyàwó rẹ̀."