Ilẹ̀kùn Tí Kì í Dá Sí Orin

Bí oníbàárà bá gbé sípíkà tuntun wá bá mi ní Ṣàpọ́n, ní Abẹ́òkúta, ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fi ìka kàn. Páànù ìta ilẹ̀kùn ọkọ̀ kékeré kì í sábàá nípọn tó mìlímítà kan. Tí ó bá dún gbàngbàn bíi páànù òrùlé, mo ti mọ̀ pé owó sípíkà náà kò ní ṣe olówó lóore.

Sípíkà kì í kọrin síwájú nìkan. Bí awọ rẹ̀ ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú náà ló ń fà á lẹ́yìn. Ohùn ẹ̀yìn yìí á gba àwọn ihò ńláńlá inú ilẹ̀kùn jáde, ọ̀rá lásán ni wọ́n sì fi bò wọ́n. Á pàdé ohùn iwájú, méjèèjì á sì pa ara wọn. Bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń yí bẹ́ẹ̀sì sókè títí, tó jẹ́ pé gbígbọ̀n páànù ni wọ́n ń gbọ́.

Fún àwa tí ìlù wa ń sọ̀rọ̀, àdánù yìí kì í ṣe kékeré. Orin Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ọmọ Abẹ́òkúta tó kú ní 1980, ni mo fi ń dán iṣẹ́ mi wò. Nígbà tí Adéwọlé Onílùọlá, onílù rẹ̀, bá ń fi ìlù dá a lóhùn, ohùn ìsàlẹ̀ wà lọ́tọ̀, ohùn àárín wà lọ́tọ̀. Bí páànù bá bá wọn gbọ̀n, méjèèjì á dàpọ̀, a ò sì ní mọ ohun tí ìlù wí mọ́.

Kí páànù má bàa gbọ̀n mọ́, màá tú bọ́ọ̀dù inú ilẹ̀kùn, màá ká ọ̀rá kúrò, màá fi sípíríìtì nu páànù títí àkísà funfun kò fi ní kó ìdọ̀tí mọ́. Butyl ni mo ń lò, rọ́bà dúdú tó ń lẹ̀, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò lójú. Màá sá a sóòrùn díẹ̀ kó lè rọ̀, màá wá fi rólà kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù títí ọnà ojú alumíníọ̀mù náà yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo fẹ́ràn ibi iṣẹ́ yìí gan-an. Ọwọ́ á kàn máa mọ̀ ọ́n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kò pọn dandan kí a bo gbogbo páànù ìta: ìdá kan nínú mẹ́rin, láàárín gbùngbùn, ti tó láti mú un dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ihò ńláńlá páànù inú, gbogbo wọn ni mo ń dí. Ariwo àwọn tó ń pe èrò Kútọ̀ àti Láfẹ́ńwá náà á sì dínkù.

Àwọn kan ń fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń lẹ òrùlé ṣe é nítorí owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rà á. N kò jẹ́ gbé e sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú oòrùn ìlú wa yìí, á yọ́, á máa rùn.

Àwọn ihò tóóró ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nìkan ni mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn, torí òjò tó bá gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé, ibẹ̀ ló ń bá jáde. Kí n tó dá bọ́ọ̀dù padà, mo máa ń da omi sí gíláàsì lára, kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀nà omi ṣì là.