Láti “Gbé Yẹ̀ Wò” dé “Kà Sí”: Abala 106 àti Ilẹ̀ Ìsìnkú Àwọn Ọmọ Áfíríkà ní New York

Abala 106 nínú òfin ìtọ́jú ohun-ìní ìtàn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1966 kò gùn. Ó pàṣẹ pé, kí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó náwó sórí iṣẹ́ kan, tàbí kí ó tó fún ẹlòmíràn níwèé àṣẹ láti ṣe é, ó gbọ́dọ̀ wo ohun tí iṣẹ́ náà lè dá sílẹ̀ fún ilé tàbí ilẹ̀ tí ó ní ìtàn, kí ó sì fún ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn láyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n má wó ilé náà. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ni wàhálà wà. Olùtúmọ̀ tí ó bá fi “kà sí” gbé e wọ èdè Yorùbá ti fún un ní ju ohun tí ó ní lọ, nítorí ẹni tí a kà sí ni a ń bọ̀wọ̀ fún. “Gbé yẹ̀ wò” ni ó bá a mu: ènìyàn lè gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò tán, kí ó sì ṣe tinú rẹ̀.

Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì hàn kedere ní Manhattan. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Áfíríkà, ẹrú àti òmìnira, ń sin òkú wọn sí títí di ọdún 1794. Àwòrán-ilẹ̀ ọdún 1755 fi ibẹ̀ hàn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó àwọn ilé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ ilé alájà 34 sí Broadway, ìwádìí tí òfin béèrè fún wáyé. Ó dárúkọ ilẹ̀ ìsìnkú náà, ṣùgbọ́n ó ní ìpìlẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ síbẹ̀ yóò ti ba ọ̀pọ̀ sàréè jẹ́. Àṣìṣe gbáà ni. Láti ọdún 1991 ni egungun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, títí ó fi di ti ènìyàn 419, iṣẹ́ ìkọ́lé sì ń lọ. Ilé-iṣẹ́ náà ti gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò. Kò ka òkú sí.

Àwọn aráàlú aláwọ̀ dúdú ni ó kà wọ́n sí. Ìwọ́de wọn gbé ọ̀ràn náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, wíwú òkú sì dúró ní oṣù Keje ọdún 1992. Wọ́n yọ apá kan kúrò nínú àwòrán ilé náà. Ilé gíga fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ní Yunifásítì Howard, Michael Blakey darí ìwádìí lórí àwọn egungun. Obìnrin kan wà lára wọn tí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 100 wà ní ìdí rẹ̀. Onímọ̀ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ Oòduà kíákíá. Kí ó rọra: ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé àwọn tí ó sin ín kò bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀. Ọdún 2003 ni wọ́n tó dá gbogbo wọn padà sínú ilẹ̀; ní 2006 ni ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá pe Abala 106 ní òfin asán kò ṣe ẹ̀tọ́. Láìsí i, katapílà ìbá ti kó àwọn egungun náà dànù kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 lórí ilé ìrántí le jù ú lọ: èèwọ̀ ni láti wó èyí tí ìjọba ti kéde láìgba àṣẹ. Ọdún 1956 ni wọ́n kéde Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúbú, ilé tí a kọ́ ní ọnà àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ wó ilé ni òfin Nàìjíríà ń bá wí, ẹ̀yìn ìwólulẹ̀ sì ni ìjìyà rẹ̀ ń dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò tíì buwọ́ lùwé ni Abala 106 ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tí ilé ṣì wà lórí ìdúró.