Àmì Orí Ọ̀rọ̀

Ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà kì í dákẹ́. Bí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan bá sinmi, jẹnẹrétọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò gbà á. Ibẹ̀ ni mo ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Tó bá dalẹ́, mo máa ń jókòó nínú yàrá mi ní Agége, mò ń fàmì sí ewì tí ẹgbẹ́ akéwì wa fẹ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò tún fi ijó àti ìlù ṣe lójú agbo.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe, fífi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn kan kà á sí wàhálà àwọn tíṣà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Igba, igbá, ìgbà, igbà: bọ́ àmì kúrò lórí wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ń kàwé nínú ilé lè dúró rò ó. Akéwì tó dúró níwájú èrò ò ráàyè ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, a ṣe ewì ìdárò àgbẹ̀ kan. Ọkọ́ tí bàbá fi sílẹ̀ ni gbogbo ewì náà dá lé. Mo gbàgbé àmì kan ṣoṣo, ọmọbìnrin tó ń kà á sì pè é ní ọkọ̀. Mọ́tò ni èrò gbọ́. Ó dùn mí títí di òní.

Láti ìpàdé tí wọ́n fi tún àkọtọ́ Yorùbá ṣe ní Èkó lọ́dún 1875 ni ọ̀rọ̀ àkọtọ́ yìí ti ń jà ràn-ìn. Wàhálà tiwa ni pé lórí kọ̀ǹpútà, "ẹ" ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" ò ní. Ńṣe là ń gbé àmì lé e lórí lọ́tọ̀, lórí fóònù mìíràn àmì náà á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fóònù mẹ́ta ni mo fi ń yẹ ewì kọ̀ọ̀kan wò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kan sáárá sí Àtẹ́lẹwọ́, tí Rasaq Malik Gbọ́láhàn àti Ọ̀rẹ́dọlá Ibrahim dá sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ Yorùbá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ eré Crown Troupe ti Bàrígà, tó ti wà láti ọdún 1996, la ti rí i pé ọ̀rọ̀, ijó àti ìlù lè jọ gbé ara wọn. Ìlù wa ò lè gbe ohùn tí a ò kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ewì ránṣẹ́ sí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàmì sí i. Ẹ̀yin lẹ mọ ohùn tó wà lọ́kàn yín.