Ìdènà Inú Heian Shodan

Heian Shodan wà lára àwọn kata, ìyẹn àwọn ìṣesí ìjà tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, tí akẹ́kọ̀ọ́ kárátè Shotokan kọ́kọ́ ń kọ́. Anko Itosu, ọmọ Okinawa, ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Gichin Funakoshi tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì fi kárátè han àwọn ará Tokyo lọ́dún 1922, ló sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Ìdènà ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí sí òsì, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ ta á nípàá níkùn. Ó gbé ìkúùkù òsì sẹ́bàá etí ọ̀tún, ó na apá ọ̀tún sísàlẹ̀ níwájú ara. Ẹsẹ̀ òsì gbéra. Bó ṣe ń tẹlẹ̀, ìkúùkù òsì ń gba ẹ̀gbẹ́ apá ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀, ọ̀tún ń padà sí ìbàdí, àwọn méjèèjì sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Orúnkún iwájú tẹ̀, ti ẹ̀yìn nà. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí apá dúró ló tó lọ́ ọ.

Lílọ́ yẹn ni mo máa ń ṣọ́. Bó bá yá jù, egungun á kàn kọlu egungun. Bó bá bọ́ sákòókò, apá á gbá ẹsẹ̀ ọ̀tá kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Kò sì ní láti gbá a jìnnà, kó ṣáà ti tàsé ara. Ìbàdí náà ti yí ara dẹ̀gbẹ́, ibi tí ọ̀tá lè rí lù ti dín kù.

Láàárín kata, ìdènà òkè tó ń jẹ́ age-uke ló kàn. Ọwọ́ òsì là, ó gòkè síwájú orí. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe ń lọ síwájú, ọwọ́ òsì ń bọ̀ wálẹ̀, apá ọ̀tún ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ sókè. Ìgúnpá rẹlẹ̀ ju ìkúùkù lọ, kí ẹ̀ṣẹ́ lè yọ̀ lórí apá bí òjò ṣe ń ṣàn lórí páànù. Ìwọ̀n ìkúùkù kan ló máa ń wà láàárín apá àti iwájú orí. Ẹni tó bá gbé ìgúnpá síta jù ti ṣí ìhà rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é, iwájú ló sì ń lọ ní gbogbo ìgbà. Orí ìdènà kẹta ló ti ké kiai, igbe àkọ́kọ́ nínú kata náà.