Ta Ló Rán Ọ Wá?

Ní Sábó, ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ mọ ilẹ̀kùn ọ̀gá tí yóò kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìjọba kò mọ èyí tí yóò kàn.

Lọ́dún 1973 ni àjọ ITF dá SIWES sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ṣe ohun tó ń kà nínú ìwé. Lọ́dún 2018, òfin "Not Too Young To Run" dín ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò aṣojú-ṣòfin kù láti ọdún 30 sí 25. Mo yin òfin náà, ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ nìyí: ó ṣí ilẹ̀kùn ipò, kò ṣí ilẹ̀kùn ìkọ́ṣẹ́. Níbo ni ẹni ọdún 25 yóò ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ ìwé ìṣúná wò?

Nígbà tí mo gbé lẹ́tà IT mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Ta ló rán ọ wá?" Wọn kò bèèrè ohun tí mo mọ̀. Ọmọ ẹni tí kò mọ ẹnì kankan ńkọ́?

Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ọ́ sára géètì: iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbà, ọjọ́ tí wọ́n ń gbà wọ́n, àti iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà; ìlú náà, ilé ni.